Ọ̀wẹ̀ tí A Ṣe Sórí Kọfí Mọ́nsúrù

Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Mọ́nsúrù í ṣe fún yín. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀ ní Kàbà níhìn-ín, ògiri náà kò sì ga. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta, mo nà án nítorí ariwo, mo sì ń jẹ ẹran Iléyá ilé wọn láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Kò sí iṣẹ́ tí Mọ́nsúrù kò ṣe rí. Ó ta bátìrì mọ́tò. Ó sin ìgbín, ìgbín náà sì sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, ìgbín ló sá lọ. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ omi sínú ọ̀rá, omi sì kọ̀ kò wá ní àdúgbò wa fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe àwọn àwárí wọ̀nyí, Màríàm ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní iwájú ilé, ló ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́ bùkátà. Mo bi Màríàm nígbà kan bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kò sú u. Ó ní ọkọ òun kì í ṣe ọ̀lẹ, ohun tó ń ṣe é kò ju pé ó máa ń tètè gba nǹkan gbọ́.

Bí kọfí ṣe dé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ó lọ wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Àbújá fún ọdún kan. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí ọ̀gá náà ti ń ṣèpàdé, Mọ́nsúrù béèrè iye tí wọ́n ń ta kọfí, wọ́n sì sọ fún un. Ó rò pé iye odindi ìkòkò kan ni. Wọ́n ní rárá, ife kan ni, ife ọ̀hún kò sì tóbi. Ó rántí pé ní Ìyámoyè, ní ilẹ̀ Ìjùmú tí kò jìnnà sí wa, kọfí ń já bọ́ sábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wálé.

Láti ìgbà náà ló ti ń yan kọfí lẹ́yìnkùlé. Á tú u sínú agbada, á dáná igi sábẹ́ rẹ̀, á máa rò ó láìsinmi títí yóò fi pọ́n, tí yóò fi dúdú. Òórùn rẹ̀ ń gba orí ògiri wọ inú aṣọ tí mo bá sá. Mo ráhùn títí. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti rí Mọ́nsúrù tó ṣe, èyí nìkan ni kì í jẹ́ kó rántí oúnjẹ. Inú mi dùn sí i, mo sì fẹ́ kó yọrí.

Ẹni tó ń ta kọfí fún un ni Bàbá Bámgbóṣé ti Ìyámoyè, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó jogún oko náà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Àwọn yòókù ní agbègbè ibẹ̀ ti gé tiwọn, wọ́n ti gbin kajú, nítorí àwọn tó ń ra kọfí tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Benjamin, ọmọ Bàbá, tó níṣẹ́ gidi ní Àbújá, kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pe bàbá rẹ̀ pé kó gé igi wọ̀nyẹn, òun á fi owó kajú ránṣẹ́. Nígbà tí Mọ́nsúrù gbọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní kó fún òun láyè díẹ̀, òun á wá àwọn tó máa máa rà á. Bàbá gbà. Ṣùgbọ́n ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ láìsí oníbàárà, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e ni oní-sọ́ọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gégi yóò wọ oko. Bí wọ́n bá sì gé e, iṣẹ́ Mọ́nsúrù ti tán nìyẹn, nítorí kò mọ oko kọfí mìíràn tó ṣì kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Ta ni yóò wá rà á ní Kàbà? Níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan gbígbóná láàárọ̀, ògì àti kósé, ìyẹn àkàrà, ni yóò wá lọ, tàbí tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Òde ni oníbàárà kọfí wà. Bí Olúwanífẹ́mi ṣe bọ́ sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ajé ní Lọ́kọ́ja, òun ló sì ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún Mọ́nsúrù. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ níbi tó ti ń yan kọfí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìgbín rẹ̀ kò sá lọ rí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sílẹ̀, yóò sanwó, ó parí.

Lẹ́yìn oṣù kan, èèyàn mọ́kànlá ló ti dé orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà. Mọ́nsúrù wà lára wọn, Màríàm wà lára wọn, èmi náà débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé àwọn tó kù ṣìnà ni. Nífẹ́mi ní ìsọ̀ tí èèyàn ṣí sínú igbó kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, àfi kí á la ọ̀nà débẹ̀. Ó ní kí Mọ́nsúrù máa kọ ìtàn kọfí síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa fi fọ́tò sórí wásáàpù, kó sì sanwó ìpolówó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ "kọfí" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí fóònù, ti Mọ́nsúrù ni yóò kọ́kọ́ jáde lókè pátápátá.

Mọ́nsúrù ta àgbò tó ń bọ́ sílẹ̀ de Iléyá, ó fi sanwó ìpolówó. Màríàm kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, sókè, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́.

Ẹ wá fetí sí ibí yìí dáadáa, nítorí wọ́n máa ń fò ó bí wọ́n bá ń dá mi lẹ́bi. Nífẹ́mi ní kí ìpolówó náà mọ sí Àbújá àti Èkó. Mọ́nsúrù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a kì í ní ìròyìn ayọ̀ kí a fi pamọ́ fún ará ilé, kí wọ́n fi Kàbà kún un, kí wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ Okun kún un. Nífẹ́mi ní àwọn ará ilé kò ní rà á. Mọ́nsúrù ní òun mọ̀, kì í ṣe torí kí wọ́n rà á ni, torí ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ náà ṣe ohun tó wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mọ́nsúrù bá mi sọ ọ́ lórí ògiri, nígbà tó ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní ìpolówó náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọ̀la, owó tí òun san á gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í pé kí ló wá kù. Ó ní ó ku kí àwọn èèyàn máa tẹ̀ ẹ́, pé bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà ti là. Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ ni wọn yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó àgbò. Mo ti bi í léèrè níṣojú ẹlẹ́rìí lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun kò sọ ọ́.

Èmi wá jókòó ní ilé mi, mo ń ronú. Níbi tí a ti tọ́ mi dàgbà, bí koríko bá fẹ́ borí oko ẹnì kan, a kì í kawọ́ gbera wò ó. Ọ̀wẹ̀ ni à ń bẹ̀. Ogún, ọgbọ̀n èèyàn á gbé ọkọ́ dé ní kùtùkùtù, oòrùn kò ní tíì mú tí oko á fi mọ́, bó bá di ọjọ́ mìíràn a ó ṣí lọ sí ti ẹlòmíràn. Olóko kì í san kọ́bọ̀. Oúnjẹ nìkan ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ oúnjẹ ọ̀wẹ̀, torí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ń sọ ní gbangba pé inú òun kò mọ́ sí olóko. Mo ní ṣé nítorí pé oko ti Mọ́nsúrù wà nínú fóònù ni a ó ṣe fi í sílẹ̀ fún òun nìkan? Ni mo bá bá a bẹ̀ ọ̀wẹ̀.

Nígbà tó fi máa di aago méje àárọ̀ Sátidé, àgbàlá mi ti kún. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Àmátúlláhì, ìyá Màríàm, kó àwọn obìnrin àsàlátù rẹ̀ wá lẹ́yìn. Ọlọ́runlékè tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta ta dátà fún àwọn tí tiwọn ti tán, òun nìkan ló sì jèrè lọ́jọ́ yẹn. Mo tò wọ́n sórí àga bí ọmọ kíláàsì. Mo ní kí wọ́n kọ "kọfí", kí wọ́n tẹ èyí tó bá wà lókè, kí wọ́n dúró títí wọn yóò fi rí ẹ̀rín Mọ́nsúrù, kí wọ́n jáde, kí wọ́n sì gbé fóònù fún ẹni tí kò ní. Gíláàsì ojú kan ni àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò lè rí Mọ́nsúrù kó má kí i, gbogbo ìgbà tí fọ́tò rẹ̀ bá ti jáde ló ń sọ pé, "Okun o, Mọ́nsúrù."

Mi ò dúró níbẹ̀. Mo pe àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀ àti ní Mọ̀pà, mo ní kí àwọn náà kó èèyàn jọ. Wọ́n kó wọn jọ. Àwọn ará Mọ̀pà tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará Ìsánlú ti tẹ̀ ju àwọn lọ.

Kò pẹ́ tí aago mẹ́wàá lù tí orúkọ Mọ́nsúrù pòórá lókè. A kọ "kọfí" títí, orúkọ ẹlòmíràn ló ń jáde. A wo ara wa, a ní oko ti mọ́. A pàtẹ́wọ́. Mo gbàdúrà ìparí, Àmátúlláhì náà gba tirẹ̀, a ṣàmín sí méjèèjì.

Mo ṣì ń palẹ̀ àga mọ́ nígbà tí fóònù Mọ́nsúrù dún lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nífẹ́mi ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé mo ń gbọ́ ọ láti orí ògiri. Ó ní èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ti dé orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mọ́nsúrù ju igi ìrokọfí sílẹ̀, ó pe Màríàm. Lẹ́yìn náà ni ohùn Nífẹ́mi wálẹ̀. Ó ní kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ra nǹkan. Ó ní owó ọ̀sẹ̀ méjì ti tán. Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Mọ̀pà ni gbogbo wọn ti wá.

Ibẹ̀ ni mo ti fi ìgbéraga na ọrùn sórí ògiri, mo ní, "Mọ́nsúrù, a ti bá ọ tẹ̀ ẹ́ tán."

Ó wò mí títí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń lọ fún mi, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ìyọkúrò fún un ní kíláàsì kẹta. Nígbà tó parí, mi ò lè gbé ojú sókè. Ojú tì mí, mo sọ ọ́ kedere. Mo wọlé lọ, mo jókòó sórí ibùsùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ìjì jà, ojú ọ̀run ṣú, òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ sórí Kàbà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú. Ọ̀tunla sì ni ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn tí òjò dá, Mọ́nsúrù wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti múra àtitọrọ gáfárà. Ó ní ohun kan ni òun fẹ́ mọ̀: ṣé ọ̀wẹ̀ ni a ṣe fún òun lóòótọ́? Mo ní ọ̀wẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, olóko kò tíì bọ́ wọn. Kí n bá òun sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n wá jẹun ọ̀wẹ̀ lọ́la, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa. Torí irú ojú yẹn ni mo fi máa ń mú pàṣán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa pé sí àgbàlá rẹ̀, ebi sì ń pa wá, nítorí a ti fi ikùn sílẹ̀ de ìrẹsì. A bá ìkòkò ńlá lórí iná, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìgbéyàwó. Mọ́nsúrù ṣí i. Kọfí ni, dúdú bí ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀. Ó ń bù ú fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ àná, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹnì kan béèrè ṣúgà. Mọ́nsúrù fi ìrẹ̀lẹ̀ dá a lóhùn pé owó ṣúgà wà lára ohun tí a tẹ̀.

Kí la ó ṣe? Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ọlọ́runlékè ní òun ní ọgbẹ́ inú. Àmátúlláhì bi í bóyá ọgbẹ́ inú náà ló ta dátà lánàá. Ó mu ún. Àwọn ìyá àgbà di ojú, wọ́n dà á mì, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n fún ní àgbo láìṣàìsàn. Màríàm bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí àgbò ti lọ. Èmi mu tèmi tán. Ó korò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé e sẹ́nu, mo rí i pé òórùn tí mo ti ń bá jà lára aṣọ mi láti ọjọ́ yìí wá, mi ò kórìíra rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Bàbá Bámgbóṣé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìyámoyè, pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ẹ̀rín tán lójú Mọ́nsúrù. Bàbá kí wa, "Okun o," a dáhùn. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí ń gba orí fóònù já àdéhùn, ìdí nìyẹn tí òun fi wá. Òjò ti rọ̀, oní-sọ́ọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mọ́nsúrù ní òun gbọ́, pé kò sí ẹ̀bi Bàbá níbẹ̀. 

Bàbá bi wá pé kí la pé jọ ṣe. Wọ́n ní oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ọmọlúàbí ni, kò lè bá oúnjẹ ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ kó yípadà, ó jókòó. Mọ́nsúrù fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó bi í pé kí ni.

"Kọfí yín ni, Bàbá."

Bàbá Bámgbóṣé wo inú ife náà fún ìgbà pípẹ́. "Èmi ò mu ún rí," ó ní.

A rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń ká a, tí òun ń sá a, tí òun ń dì í sápò, ọkọ̀ á gbé e, òun á gba owó. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí tó fi ń di ohun mímu. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó dúró. Ó tún mu. Nígbà tó mu ún tán, ó di ife náà mú síbẹ̀.

"Bàbá mi gbìn ín," ó ní. "Ó ń tà á títí ó fi kú, kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu."

Ó na ife sí Mọ́nsúrù pé kó bu òmíràn. Ó bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń rà á. Mọ́nsúrù ní kó má rà á rárá, òun á di àpò kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá ní rárá, òun gbọ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń wá oníbàárà, inú fóònù náà ni òun yóò sì ti rà á. Ó ka owó sí Màríàm lọ́wọ́, Màríàm sì ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà. Ó bi í pé ibo ni kí wọ́n gbé e lọ. Bàbá pe àdírẹ́sì Benjamin ní Àbújá fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó gbin kọfí náà ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tó rà á nìyẹn.

Màríàm ní àyè kan ṣì wà nísàlẹ̀, bóyá Bàbá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n kọ mọ́ ọn. Ó ronú díẹ̀.

"Kọ ọ́ pé, Benjamin, èyí ló rán ọ níwèé. Mu ún ná, kí o tó tún sọ fún mi pé kí n gé e."

Màríàm bi í bóyá kí òun kà á padà fún un gbọ́. Ó ní kó má wulẹ̀ kà á, kó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù tirẹ̀ jáde lápò agbádá, ó pe oní-sọ́ọ̀, ó sì sọ fún un pé kó má wá mọ́.